Wíkì àti ìwé ìtọ́nà áàpù: èwo ni kí iléeṣẹ́ kékeré lò nínú àwọn tí kóòdù wọn wà ní gbangba?

Dev_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àwa márùn-ún là ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Ìbàdàn. Áàpù tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ṣe ìṣirò owó là ń kọ: ìdáwó oṣooṣù, owó yíyá, èlé, àti owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ gbà jáde. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ti fọ́n káàkiri. Òmíràn wà lórí WhatsApp, òmíràn wà nínú Google Docs tí ẹnì kan ṣoṣo ní àṣẹ sí, èyí tó sì pọ̀ jù wà nínú orí ẹni tó kọ kóòdù.

Ohun méjì la nílò. Àkọ́kọ́ ni ibi tí a ó máa kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sí láàárín ara wa: bí a ṣe ń gbé ẹ̀yà tuntun jáde, ohun tí a ṣe lọ́jọ́ tí sáfà dákẹ́, ìdí tí a fi ń ṣírò èlé bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Èkejì ni ìwé ìtọ́nà fún àwọn akápò àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n á máa kà lórí fóònù. Sáfà kan là ń háyà, mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 2 GB lọ. Méjì nínú wa kì í kọ kóòdù. Mo ti ka nípa MediaWiki, DokuWiki, BookStack, Wiki.js, MkDocs, Sphinx àti Docusaurus títí wọ́n fi pọ̀ jù lójú mi. Èwo lẹ ń lò, kí ló sì mú yín yàn án?

Ẹ̀gbọ́n_Sáfà

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun méjì tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ẹ má wá irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún wọn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wíkì ni ibi tí ẹnikẹ́ni nínú yín lè ṣí ojú-ewé kan, kó kọ ohun tó mọ̀ sí i, kó sì fi pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Ward Cunningham ló gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹta ọdún 1995, títí dòní, ìyára yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ìtọ́nà yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa bá áàpù yín rìn. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì kan padà nínú kóòdù, kí àlàyé bọ́tìnnì náà yí padà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Iṣẹ́ MkDocs, Sphinx àti Docusaurus nìyẹn: fáìlì lásán tó wà nínú Git (ètò tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù) pẹ̀lú kóòdù yín ni wọ́n ń sọ di ìkànnì.

Fún ti inú ilé, DokuWiki ni mo fọwọ́ sí. Andreas Gohr ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì ní 2004. PHP nìkan ló ń béèrè, kò lo MySQL, kò lo dátábéèsì kankan. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì .txt nínú fódà data/pages, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wà nínú data/attic, àwòrán wà nínú data/media. Bí sáfà bá kú pátápátá, ẹ ó da fódà data àti conf sórí sáfà mìíràn tí ẹ ti fi DokuWiki sí, iṣẹ́ ti ń lọ nìyẹn. Bí kò bá tiẹ̀ sí sáfà kankan, Notepad lásán á ṣí gbogbo ohun tí ẹ ti kọ. Ẹ tún lè pinnu ta ló lè ka ojú-ewé kan àti ta ló lè kọ sí i, ó ti wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. 2 GB yín á tó o dáadáa.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ nǹkan nínú rẹ̀ kì í ṣe Markdown (àwọn àmì kékeré tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ fi ń to ọ̀rọ̀), ojú rẹ̀ sì jọ ti ìkànnì àtijọ́. Plugin (àfikún) wà fún méjèèjì, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún plugin púpọ̀. Èyí tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti pa tì ló máa ń bàjẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé PHP lọ sí ẹ̀yà tuntun.

Àǹtí_Oníbàárà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ méjì nínú wọn kì í kọ kóòdù. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn níbi iṣẹ́ wa, BookStack la sì ń lò. Pẹpẹ ló wà lókè, ìwé wà lórí pẹpẹ, orí wà nínú ìwé, ojú-ewé wà nínú orí. Ẹni tó bá dé sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti ń kọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé nínú rẹ̀ jọ Word. Tí o bá ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, o kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ọ̀rọ̀ ni, o sì lè ya àtẹ ìṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ nítorí diagrams.net wà níbẹ̀.

Dan Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2015, láìsẹ́ǹsì MIT ló wà lábẹ́ rẹ̀. PHP àti MySQL tàbí MariaDB ló ń lò, sáfà yín á gbà á. Odindi ìwé ni o lè gbé jáde ní PDF, HTML tàbí Markdown. Ẹni tó bá fẹ́ fódà nínú fódà nínú fódà kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí orí ni ìpele tó kẹ́yìn kó tó kan ojú-ewé. Ní tèmi, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ibi tí èèyàn lè fi nǹkan sí kò pọ̀, wíwá a kì í nira.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ gan-an: tí ẹ bá ń ya àwòrán áàpù yín fún ìwé ìtọ́nà, ẹ má ya èyí tí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ gidi àti iye owó rẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Ẹ dá ẹgbẹ́ àfiṣàpẹẹrẹ kan sílẹ̀ nínú áàpù náà, kí ẹ fi orúkọ tí kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa ya àwòrán níbẹ̀ nìkan. Páàsìwọ́ọ̀dù sáfà náà, kí ó má dé inú wíkì láéláé. KeePassXC tàbí Vaultwarden, àwọn ètò tó ń tọ́jú páàsìwọ́ọ̀dù, ni kí ẹ kó wọn sí.

Ọmọ_Wikipedia

Mo máa ń kọ sí Wikipedia Yorùbá, MediaWiki ló sì ń gbé e, nítorí náà mo mọ inú rẹ̀ díẹ̀. Ìtàn àtúnṣe, ojú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àdàkọ, ẹ̀ka, kò sí wíkì tó ní wọn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì àti àkọlé rẹ̀ ti wà ní Yorùbá, àwọn olùyọ̀ǹda ló túmọ̀ wọn lórí translatewiki.net.

Àmọ́ mi ò ní gba ẹ̀yin márùn-ún nímọ̀ràn láti gbé e. Gbogbo ayé ló wà fún, kì í ṣe fún àṣírí. Ẹ lè ti ilẹ̀kùn àbáwọlé nínú LocalSettings.php, fáìlì ètò rẹ̀, pẹ̀lú $wgGroupPermissions['*']['read'] = false; kí ẹni tí kò wọlé má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn kan nínú yín má rí ojú-ewé kan pàtó, wọn ò ṣe MediaWiki fún irú ìyẹn, àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn sì kìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo bá wá síbí gan-an ni àmì ohùn. Ẹ ní Yorùbá ni ìwé ìtọ́nà yín máa jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mẹ́nu kàn án. Ọ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ọ ní tirẹ̀, U+1ECD ni tó bá jẹ́ kékeré. Àmì òkè ní tirẹ̀, U+0301. Ẹnì kan á tẹ ọ, kó fi àmì òkè sí i. Ẹlòmíràn, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ á tẹ o, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i lọ́tọ̀, á tún wá fi ti òkè. Ti ẹnì kẹta á gbé ó jáde ná, kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí àwọn mẹ́ta bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà báyìí nínú wíkì yín, ẹni tó bá wá a lè rí ojú-ewé kan kó má rí méjì yòókù.

MediaWiki máa ń sọ gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ di NFC (ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún lẹ́tà kan náà) fúnra rẹ̀ kó tó fi pamọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì di ọ̀kan. Ẹ má retí pé gbogbo irinṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ fáìlì inú Git ni, ẹ fi àṣẹ kékeré kan sí i tí yóò máa ṣe é kí àtúnṣe tó wọlé. unicodedata.normalize('NFC', ọ̀rọ̀) nínú Python ti tó, uconv -x nfc náà á sì ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n_Sáfà

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Fún DokuWiki, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò kì í fi àmì sínú orúkọ ojú-ewé, torí orúkọ yẹn ló ń di orúkọ fáìlì àti líńkì. Mo máa pe ojú-ewé náà ní owo-yiya, kí n wá kọ "Owó yíyá" tòun tàmì gẹ́gẹ́ bí àkọlé inú rẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ useheading. Tí ẹ bá tàn án, àkọlé inú ojú-ewé ni yóò máa hàn nínú líńkì àti àtòjọ dípò orúkọ fáìlì.

Àǹtí_Oníbàárà

Ní ti BookStack, MySQL àti MariaDB tí ètò ìfiwéra ọ̀rọ̀ wọn bá jẹ́ utf8mb4_unicode_ci kì í ka àmì sí nígbà tó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ara wọn. Ẹni tó bá tẹ "owo" láìsí àmì á rí owó, á tún rí ọwọ́ pẹ̀lú. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù.

Olú_London

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn yòókù kún un ní ṣókí. Wiki.js rẹwà, Node.js ló fi ń ṣiṣẹ́, dátábéèsì PostgreSQL ló sì bá a mu jù. Ó lè máa da ojú-ewé yín sínú Git ní Markdown, ìyẹn dára púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀yà 3 tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni gbogbo èèyàn ń dúró dè, mi ò sì fẹ́ kí iléeṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Outline, wíkì mìíràn, náà rẹwà, ṣùgbọ́n láìsẹ́ǹsì BSL ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè rí kóòdù rẹ̀, ẹ lè lò ó nínú ilé yín, àmọ́ kò bá ìlànà tí Open Source Initiative, ẹgbẹ́ tó ń sọ ohun tí kóòdù gbangba jẹ́, là sílẹ̀ mu. Ó tún ń béèrè PostgreSQL àti Redis.

XWiki wà fún iléeṣẹ́ ńlá. Ilẹ̀ Faransé ló ti wá, Java ló fi ń ṣiṣẹ́, mẹ́mórì yín kò ní tó o. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó ń bọ̀ láti Confluence, wíkì iléeṣẹ́ Atlassian. Atlassian dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Confluence Server dúró ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2024, ọ̀pọ̀ tó fi sórí sáfà ara wọn sì ní láti wá ibòmíràn lọ. XWiki ní irinṣẹ́ tó ń kó ojú-ewé Confluence wọlé.

Akọ̀wé_Ìtọ́nà

Iṣẹ́ ìwé ìtọ́nà ni mò ń ṣe, torí náà apá kejì ìbéèrè yín ni màá dáhùn.

Sphinx ló dàgbà jù. Georg Brandl gbé e jáde ní 2008 fún ìwé ìtọ́nà èdè Python, ìwé ìtọ́nà Linux kernel náà sì ń lò ó lónìí. reStructuredText ni wọ́n fi ń kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ àfikún kan tó ń jẹ́ MyST jẹ́ kí Markdown ṣeé lò. MkDocs dé ní 2014 látọwọ́ Tom Christie. Òun ló rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: fáìlì mkdocs.yml kan, fódà docs kan, ó parí. Docusaurus ti Facebook dé ní 2017, React ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ẹ̀yà àti èdè púpọ̀ í tò dáadáa, ṣùgbọ́n JavaScript tó ń kó fún òǹkàwé pọ̀, kíkọ́ ìkànnì náà sì ń jẹ mẹ́mórì. Àwọn akápò yín tó wà ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀, HTML lásán ló máa yá wọn lára.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kì í ṣe orí sáfà yín ni yóò wà. GitHub Pages, GitLab Pages tàbí Codeberg á gbé e fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, torí fáìlì lásán ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí ni wíwá ọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ tó ń bá MkDocs wá ọ̀rọ̀ ni lunr.js. Kí lunr tó fi ọ̀rọ̀ kan sínú àtòjọ rẹ̀, ó máa ń gé ohun tí kò kà sí lẹ́tà kúrò ní iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì láìlámì nìkan ló sì kà sí lẹ́tà. Ẹ wo ohun tó máa ṣe sí ọ̀rọ̀ inú áàpù yín. "Ẹgbẹ́" á di gb. "Owó" á di ow. "Èlé" á di l, ó tán. Akápò yín á wá tẹ "ẹgbẹ́" sínú àpótí, lunr á wá ẹgbẹ́ nínú àtòjọ tí gb nìkan wà nínú rẹ̀, á sì ní òun kò rí nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò kò fi ní mọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Bó bá jẹ́ Material for MkDocs (ẹ̀wù tí ọ̀pọ̀ ń fi wọ MkDocs) lẹ lò, ètò kan tó ń jẹ́ pipeline wà lábẹ́ search. Ẹ yọ trimmer kúrò nínú rẹ̀, òun ló ń gé ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kejì ni Pagefind, irinṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ ó sáré rẹ̀ lẹ́yìn tí ìkànnì bá ti kọ́ tán, kò sì kan irinṣẹ́ tí ẹ fi kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún tiyín torí ó máa ń pín àtòjọ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Fóònù á gba ìwọ̀nba tó bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá mu, dípò kó gba gbogbo rẹ̀, dátà oníbàárà kò sì ní ṣòfò. Ẹ ríi pé lang="yo" wà lórí ojú-ewé Yorùbá, nítorí èdè ni Pagefind fi ń pín wọn.

Ẹ tún mọ èyí kí ẹ tó yàn: ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn tó ń ṣe Material kéde pé wọn ò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́, Zensical, irinṣẹ́ tuntun wọn, ni wọ́n dojú kọ báyìí. Zensical lè ka mkdocs.yml, nítorí náà iṣẹ́ yín kò ní ṣègbé. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ni pé Markdown lásán ni kí ẹ máa kọ, kí àfikún tó jẹ́ ti irinṣẹ́ kan ṣoṣo má pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín.

Dev_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo dán an wò lálẹ́ àná pẹ̀lú MkDocs bó ṣe wà, mo kọ ojú-ewé kan nípa ìdáwó ẹgbẹ́. Bí Akọ̀wé ṣe sọ ló rí, "ẹgbẹ́" kò mú nǹkan kan jáde. Mo fi Pagefind sí i, ó rí i.

Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ti Yorùbá ti di ti àtijọ́ nígbà tí a bá tún ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Àwọn akápò kan sì ní àwọn kò lè máa ṣí ìkànnì, kí a kúkú fi ránṣẹ́ sí WhatsApp.

Akọ̀wé_Ìtọ́nà

Lórí ti àkọ́kọ́, Sphinx ló ní ìdáhùn tó dájú jù. Á kó gbogbo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì jáde sínú fáìlì .pot, ẹ ó kọ ti Yorùbá sínú .po. Lọ́jọ́ tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan bá yí padà, sphinx-intl, irinṣẹ́ àfikún rẹ̀, á fi àmì "fuzzy" sí èyí tó bá a dọ́gba ní Yorùbá, ẹ ó sì rí i kedere pé ìtumọ̀ yẹn ń fẹ́ àtúnyẹ̀wò. Weblate náà lè ka fáìlì .po, àwọn méjì tí kì í kọ kóòdù lè máa túmọ̀ lórí ìkànnì rẹ̀ láìfọwọ́ kan Git.

Ṣùgbọ́n mo máa béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín: kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú? Yorùbá ni àwọn akápò yín ń sọ, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìṣòro wọn fún yín lórí fóònù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, "Bí o ṣe lè san owó tí o yá padà" á jáde bí ẹnu èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì lè tẹ̀lé e. Sphinx kò bìkítà èdè tó ṣáájú, ẹ kàn máa kọ language = 'yo' sínú conf.py, fáìlì ètò rẹ̀, ni.

Lórí PDF, Sphinx ń gba ọ̀nà LaTeX (ètò tó ń to ìwé fún títẹ̀), ẹ sì gbọ́dọ̀ fi latex_engine sí 'xelatex' tàbí 'lualatex', kí ẹ yan fọ́ńtì tó gbé àmì Yorùbá dáadáa, irú Noto Sans. Pẹ̀lú pdflatex, àwọn àmì wa máa ń fún un ní wàhálà. Ẹ má fi odindi ìwé ránṣẹ́ sí WhatsApp. Iṣẹ́ kan, PDF kan: bí a ṣe ń gba ìdáwó, bí a ṣe ń fọwọ́ sí owó yíyá. Ẹ kọ ọjọ́ àti ẹ̀yà áàpù sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, torí PDF tó bá ti wọ WhatsApp kì í jáde mọ́. Ọdún méjì sí i, ẹnì kan á ṣì máa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Àǹtí_Oníbàárà

Mo fara mọ́ ti Yorùbá tó ṣáájú yẹn. Ẹ kọ ìbéèrè tí àwọn akápò bá bi yín sílẹ̀ bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ gan-an, kí ìbéèrè náà sì di àkọlé ojú-ewé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè ni wọ́n máa fi wá a.

Dev_Ìbàdàn

A ti fẹnu kò. BookStack fún ti inú ilé, nítorí àwọn méjì tí kì í kọ kóòdù. Sphinx pẹ̀lú MyST fún ìwé ìtọ́nà, Yorùbá ṣáájú, Pagefind fún wíwá ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé DokuWiki lẹ fọwọ́ sí, ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n_Sáfà

Kò sí ìbínú níbẹ̀, BookStack dára. Níwọ̀n ìgbà tó ti ní dátábéèsì, ẹ̀dà ìpamọ́ yín kì í ṣe fódà kan ṣoṣo mọ́. Mysqldump (àṣẹ tó ń da dátábéèsì sínú fáìlì) lálaalẹ́, fódà public/uploads àti storage/uploads, àti fáìlì .env, torí APP_KEY, kọ́kọ́rọ́ àṣírí BookStack, wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí sáfà náà lọ síbòmíràn. Kí ẹ tó kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti inú ẹ̀dà yẹn, kí ẹ wọlé, kí ẹ ṣí ojú-ewé tó ní àwòrán àti àmì ohùn. Bí "?" bá hàn níbi tí ẹ́ tàbí ọ̀ yẹ kó wà, ẹ fi --default-character-set=utf8mb4 sí àṣẹ mysqldump, kí ẹ tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.